Àgò Tó Já Lókè Ìtàkìtì-Omi

"Brina! Ṣé wọ́n wà láàyè?"

Orí afárá ni Tilen ti ń pariwo. Brina gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tíì lè dáhùn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ létí odò Belava, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi tó tutù débi pé ó ń gún un dé egungun, ó sì di etí àgò wáyà kan mú. Nínú àgò náà, àwọn ọmọ ẹja tráòtù tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ń wẹ̀ lọ, wọ́n ń wẹ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò lọ, tí kò sì bọ̀. Ojú kan ló ń yí sí. Ó ń yí, ó ń yí, bí ẹni pé ó ń lé ìrù ara rẹ̀ kiri. Ìrù ọ̀hún sì ti dúdú láti ìdajì ara rẹ̀ dé ìparí, bí ìgbà tí ènìyàn tì í bọ inú yíǹkì.

Bí Brina ṣe ń wò ó, òmíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lẹ́yìn náà, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀.

"Brina! Àbí etí ẹ ti di ni?"

Ó gbójú sókè, ohun tí kò fẹ́ rí gan-an ló sì rí. Díẹ̀ lókè ibi tí ó kúnlẹ̀ sí, páìpù ńlá kan yọrí jáde lára ògiri òkúta, omi ń tú jáde nínú rẹ̀ sínú odò. Adágún ẹja ìyá rẹ̀ ni omi yẹn ti ń bọ̀.

"Wọ́n wà dáadáa!" ni ó kígbe padà. "Kò sí èyí tó kú!"

Ó rọra sọ àgò náà padà sísàlẹ̀ omi.

Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ lórí òkè ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà Jerca Hlede, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí àìsàn ẹja, ló wá láti ìlú Ljubljana sí abúlé Zaklop, tó ní kí ilé ìwé girama fún òun ní ọmọ méjì tó mọ odò náà dáadáa. Brina àti Tilen ni wọ́n mú. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, etí Belava ni àwọn méjèèjì sì dàgbà sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dókítà jókòó tì wọ́n lórí òkúta, ó ṣàlàyé fún wọn.

"Àrùn òòyì la máa pè é," ni ó wí. "Kòkòrò àfòmọ́ kan ló ń fà á, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú ekòló tíńtín tó ń gbé nínú ẹrẹ̀ ló ti ń jáde. Tó bá jáde, á wọ ara ọmọ ẹja, á máa jẹ egungun rírọ̀ tó wà lórí àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja náà á máa pòòyì, kò ní lè jẹun, á kú. Tó bá kú tó jẹrà, kòkòrò á tún bọ́ sínú ẹrẹ̀, ekòló á gbé e mì, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni oògùn rẹ̀?" ni Tilen bi í.

"Kò ní oògùn. Ohun tá a lè ṣe ni ká mọ ibi tó dé, ká sì mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ri àwọn àgò wáyà sínú odò. Ọmọ ẹja tó mọ́, tí Dókítà fúnra rẹ̀ pa láti inú ẹyin tráòtù odò náà, ló kó sínú wọn, ó sì gé lẹbẹ kékeré ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa pò mọ́ ẹja tó ń gbé inú odò. Àgò tí ẹja inú rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn ni yóò fi hàn pé àrùn ti dé ibẹ̀. Àwọn kan wà nísàlẹ̀ abúlé, ọ̀kan wà nítòsí páìpù ìyá Brina, ọ̀kan sì wà lókè Ìtàkìtì-Omi, níbi tí odò náà ti ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta.

Ẹja kankan kò lè fò gun àpáta yẹn. Àwọn tráòtù tó wà lókè rẹ̀ ti dá wà níbẹ̀ láti ayébáyé, àwọ̀ ara wọn dà bí òjìji igi lórí òkúta, kò sì sí irú wọn níbòmíràn. Nígbà tí Dókítà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, ohùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. "Àwọn la máa kọ́kọ́ bẹ̀ wò nígbà gbogbo," ni ó wí. "Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tìsàlẹ̀ gòkè lọ sọ́dọ̀ wọn láì fi oògùn apakòkòrò fọ bàtà. Tí àrùn yìí bá fi lè dé òkè yẹn, ó parí."

Brina ń rántí gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ojú òun ló ń ṣe òun.

Lẹ́yìn ilé, níbi tí adágún ẹja wà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Metod, bẹ̀rẹ̀ létí omi pẹ̀lú àwọ̀n kékeré lọ́wọ́. Òun ló ń bá ìyá Brina tọ́jú adágún náà láti ìgbà tí bàbá Brina ti kú. Korobá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Brina, ó fi ẹsẹ̀ ti korobá náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Brina ti rí i. Ẹja kéékèèké ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ni ìrù wọn dúdú.

"Bọ̀ọ̀dá Metod, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Kí ló jọ pé mo ń ṣe? Mò ń ṣa àwọn aláìlera kúrò."

"Àrùn òòyì nìyẹn. Ó wà nínú àgò náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀ ni."

Metod dìde. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wo ojú fèrèsé, lẹ́yìn náà ó fa Brina lápá lọ sẹ́yìn ahéré tí wọ́n ń kó oúnjẹ ẹja sí.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa. Gbọ́ mi. Àwọn ọmọ ẹja tá a rà nígbà òtútù, ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja kiri lẹ́yìn ibodè ni mo ti rà wọ́n. Kò níwèé àyẹ̀wò. Ó pọ̀, ó sì dínwó. Màmá ẹ ò mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún un."

"Kí wọ́n wá ti adágún yìí pa? Kí wọ́n pa gbogbo ẹja inú ẹ̀? Brina, kí lo rò pé ò ń jẹ látọjọ́ yìí? Kí ló ń gbé ẹ lọ sílé ìwé? Ìwọ lo fẹ́ fọwọ́ ara ẹ ti ìyá ẹ bọ inú ìyà?"

Metod wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Nǹkan kékeré ni mo ní kó o ṣe. Kó àwọn tó wà nínú àgò tiwa gòkè lọ, kó àwọn tòkè wá síbí. Pààrọ̀ wọn ni. Iye kan náà ló wà nínú méjèèjì, àbí?"

"Òkè? Omi òkè mọ́, Bọ̀ọ̀dá! Dókítà ní—"

"Òkè ò ní adágún ẹnikẹ́ni. Ta ni wọ́n á bá wí níbẹ̀? Igbó? Inú àgò ni wọ́n máa wà. Àgò kì í jo ẹja. Lọ́tùn-únla, dókítà yín á dé, á kó wọn lọ sí Ljubljana, ó tán. Èmi náà á ti ṣa adágún yìí mọ́ kó tó di ìgbà òtútù."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Metod wí. Èyí ni òótọ́ tó sọ jù lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ló sì mú Brina gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo gbogbo igbó. Brina kó àwọn ẹja àgò ẹ̀gbẹ́ páìpù sínú korobá onídèérí, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó gun òkè lọ. Omi inú korobá ń mì, ó sì ń gbúròó àwọn ẹja náà tí wọ́n ń kọlu ara rẹ̀ tùkù-tùkù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró nítorí pé ó rò pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn òun. Igi ń kán, ẹyẹ ń fò, kò sí ẹnikẹ́ni.

Lókè Ìtàkìtì-Omi, odò náà dákẹ́, ó mọ́ gaara. Brina rí àwọn òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rí òjìji tráòtù ńlá kan tó rọra sún kúrò níwájú rẹ̀. Ó fa àgò náà sókè. Àwọn ẹja inú rẹ̀ ń dán, ara wọn le, wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún. Ó dà wọ́n sínú ike tó mú wá, ó sì da àwọn tirẹ̀ sínú àgò. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú nítorí òtútù. Nígbà tó fẹ́ fi wáyà di ẹnu ọ̀nà àgò, ìka rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó yí wáyà náà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún okùn tó so àgò mọ́ gbòǹgbò igi so, ó so ó bó ṣe lè so ó, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí pé òun kò fọ bàtà òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ tó ń dá. Ààrá sán láti orí òkè kan dé èkejì, ojú ọ̀run ṣú bámú, omi sì ya wálẹ̀ títí Brina kò fi rí afárá láti ojú fèrèsé mọ́. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Àwọn òkúta ń yí nínú rẹ̀, ariwo wọn ń wọlé wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá.

"Jókòó sílẹ̀ jàre," ni ìyá rẹ̀, Zofka, wí. Ó ń po ìyẹ̀fun àkàrà-òyìnbó lórí tábìlì. "Odò yìí ti kún ju báyìí lọ rí, kò sì gbé wa lọ."

Brina jókòó. Okùn yẹn nìkan ló ń rò.

Òjò dá, omi sì fà díẹ̀. Nígbà tí Dókítà Jerca dé, òun, Tilen àti Brina kọ́kọ́ wo àwọn àgò ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀nà òkè kún fún ẹrẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ abúlé ní ẹja mélòó kan tí ìrù wọn ti ń dúdú, Dókítà sì mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé àgò tó wà nítòsí páìpù jáde, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ wò ó! Àwọn yìí le koko." Ó yíjú sí Zofka tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, tó fi ọwọ́ méjèèjì di épírọ́ọ̀nù mú. "Màdáàmù, mo rò pé ọ̀dọ̀ yín ni màá ti bá a. Ẹ má bínú pé mo fura sí yín. Ó jọ pé ibòmíràn nísàlẹ̀ ló ti ń bọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Zofka wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi apá nù ún. "Ọlọ́run ṣeun o. Gbogbo yín lẹ máa jẹun lọ́dọ̀ mi lónìí."

Wọ́n fọ bàtà, wọ́n gòkè lọ. Láti òkèèrè ni Brina ti rí okùn náà. Ó so kọ́ sára gbòǹgbò, orí rẹ̀ ń fì nínú omi. Kò sí àgò nídìí rẹ̀.

Tilen ló rí àgò náà nígbà tí wọ́n wá a. Omi ti tì í sáàárín òkúta méjì, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀.

Brina di igi kan mú.

"Ó mà ṣe o," ni Dókítà wí. Ó gbé àgò náà, ó yí i wò, lẹ́yìn náà ó gbé èjìká sókè. "Ṣùgbọ́n kò burú. Ẹja tó mọ́ ni wọ́n, ọmọ odò yìí kan náà ni wọ́n. Wọ́n kàn lọ bá àwọn ẹbí wọn ni."

"Wọ́n ti gba òmìnira," ni Tilen wí. "Wọ́n ti kọ ìdánwò sílẹ̀. Ká ní èmi náà rí òjò bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìdánwò ìṣirò!"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Brina náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ti inú rẹ̀ rín in.

"Dókítà," ni ó wí, "tó bá jẹ́ pé... tó bá jẹ́ pé ẹja tó ń ṣàìsàn ló bọ́ síbí ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Dókítà. "A jẹ́ pé a máa wá wọn kí wọ́n tó kú. Bí òkú wọn bá ti jẹrà sínú ẹrẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, kò ní sí ọmọ ẹja kan tó máa dàgbà nínú omi yìí. Irú ẹja yìí á parẹ́." Ó wo Brina. "Kí ló dé tó o fi bèèrè?"

"Kò sí nǹkan kan, Dókítà."

Zofka ti ṣe ànàmọ́ tí wọ́n fi wàràkàṣì dín, ó gé àkàrà-òyìnbó, ó gbé omi èso jáde. Metod jókòó lórí àga, ó ń bá Dókítà ṣàwàdà, ó sì ṣẹ́jú sí Brina nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò. Brina bu oúnjẹ sẹ́nu. Kò lọ. Ojú rẹ̀ kò rí ohun mìíràn ju àwọn ẹja onírùdúdú tó ń yí nínú omi tó mọ́ gaara. Bóyá ọ̀kan ti ń kú báyìí. Bóyá ó ti ń rì lọ sísàlẹ̀. Ó dìde, ó sáré jáde, ó sì bì sẹ́yìn ilé.

Nígbà tó gbórí sókè, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Láti àná ni ojú ẹ ti funfun. Ṣé ẹnìkan ṣe ẹ́ ní nǹkan ni?"

"Màmá, ẹ má lù mí."

"Ìgbà wo ni mo lù ẹ́ rí?"

Brina sọ ọ́. Ó sọ ti korobá, ti ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ibodè, ti ọ̀nà ẹ̀yìn, ti wáyà tí òun kò dì dáadáa. Zofka kò dá a lẹ́nu. Bó ṣe ń gbọ́ ọ, ó ń jókòó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wà lórí àtẹ̀gùn. Ó wo adágún rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ ara wọn to òkúta lé òkúta.

"Wọ́n máa tì í pa," ni ó wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe—"

"Mo gbọ́ ẹ." Ó dìde, ó tú épírọ́ọ̀nù kúrò lára. "Dìde. Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un. Màá dúró tì ẹ́."

Nínú ilé, Zofka kò jókòó. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé òótọ́ lohun tí ọmọ yìí sọ fún mi?" Metod wo ilẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Brina dúró níwájú tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. "Dókítà, àwọn ẹja tó bọ́ sókè, wọn ò mọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ páìpù wa ni mo ti kó wọn lọ síbẹ̀. Èmi ni mo pààrọ̀ wọn. Ìrù wọn ti dúdú."

Dókítà Jerca gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣí. "Mélòó nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Kò bú u. Ì bá sàn fún Brina ká ní ó bú u. Ó kàn dìde, ó sì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀. "Tilen, gbé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wá. Màdáàmù, ẹ bá mi pe àwọn panápaná abúlé, ẹ ní kí wọ́n mú okùn àti àwọ̀n wá. Ẹnikẹ́ni tó máa wọ omi gbọ́dọ̀ fọ bàtà. Kí a yára."

Tilen kò lọ lójú kan náà. Ó ń wo Brina. "O bá mi rẹ́rìn-ín," ni ó wí. "Mo ṣàwàdà lórí ẹ̀, o sì bá mi rẹ́rìn-ín." Lẹ́yìn náà ó jáde.

Dókítà gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ẹ̀yìn, ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọ inú odò, iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ sì ń wọ omi lọ. Ẹja tó bá wà nítòsí á dákú, á léfòó, wọn á fi àwọ̀n gbé e, wọn á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí lẹbẹ rẹ̀ bá pé, wọn á dá a padà. Èyí tí wọ́n ti gé lẹbẹ rẹ̀, wọn á fi sínú korobá. Odò náà ṣì kún, ó ń fa ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni òkúta yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Brina, omi gbé e, ó bò ó lórí, ó sì gbọ́ ìró Ìtàkìtì-Omi níwájú rẹ̀ bí ẹnu ẹranko ńlá tó ya sílẹ̀. Okùn tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ fà á dúró. Ìyá rẹ̀ ló di orí kejì okùn náà mú, ó ti jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fà á, eyín rẹ̀ wà nínú ètè.

Wọ́n ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ẹja onírùdúdú ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn òkúta, láti abẹ́ gbòǹgbò, níbi tí omi ti ń rọra yí. Nígbà tó yá, méjì péré ló kù. Wọ́n wá wọn lọ, wọ́n wá wọn bọ̀.

Nínú ibú tó jìn jù, lábẹ́ àpáta tó yọ etí, Dókítà ti ọ̀pá bọ omi, ohun ńlá kan sì rọra yí padà láti ìsàlẹ̀, ó léfòó wá. Abo tráòtù ni, ó gùn tó apá àgbàlagbà. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá máa ń gbé ọmọ wọn lé èjìká kí wọ́n lè fi hàn wọ́n. Dókítà fi àwọ̀n gbé e, ó ṣí ẹnu rẹ̀ wò. Ìrù dúdú kékeré kan yọ jáde nínú ọ̀fun rẹ̀.

"Ṣé a ò lè fà á jáde?" ni Brina bi í. "Ẹ jẹ́ ká fà á jáde, ká fi í sílẹ̀."

"A lè fà á jáde. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó ti jẹ òmíràn ṣáájú. A ò tíì rí ọ̀kan yòókù, bóyá òun ló jẹ ẹ́. Tó bá ṣu kòkòrò náà sínú omi yìí, ó ti dé inú ẹrẹ̀ nìyẹn." Omi ń dà lójú Dókítà, kò sì nù ún. "Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Ó pa á lórí òkúta. Kò sẹ́ni tó ní kí Brina máa wò, kò sì sẹ́ni tó ní kó má wò. Ó wò ó. Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n bá ọ̀kan yòókù tí wọ́n gé lẹbẹ rẹ̀, wọ́n sì bá ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kéékèèké bí ọkà bàbà, èyí tí ì bá yé nígbà òtútù.

Wọ́n ti adágún náà pa lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n kó gbogbo ẹja inú rẹ̀, wọ́n sun wọ́n, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n da oògùn sí i. Metod sọdá lọ sí Austria láti lọ ṣiṣẹ́ nílé ìlàgi, Zofka kò sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ nínú ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú ìsàlẹ̀, a máa jí lọ kí Brina tó jí, a sì máa dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún Brina lára rí. Ní ilé ìwé, wọ́n yọ Brina kúrò nínú iṣẹ́ odò. Tilen kò bá a sọ̀rọ̀ títí ìgbà òtútù fi wọlé. Nígbà tó bá a sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Sún síbẹ̀ yẹn," nínú bọ́ọ̀sì, ó sì jókòó tì í.

Ẹ̀rù ọ̀hún kò tán. Dókítà ti ní àwọn yóò máa yẹ àwọn ọmọ ẹja òkè wò nígbà gbogbo tí wọ́n bá pa ẹyin. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni Brina ń fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Nígbà mìíràn, lójú oorun, ó máa ń rí bàtà rẹ̀ tí kò fọ̀, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀ sínú omi tó mọ́.

Ìgbà ìrúwé dé, fóònù dún. Dókítà Jerca ni. Zofka dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú.

"A ti yẹ àwọn ọmọ ẹja òkè wò," ni Dókítà wí. "Wọ́n mọ́."

Brina jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Má tíì yọ̀ jù," ni Dókítà tún wí. "Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. A tún máa wò ó lọ́dún tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o mọ nǹkan kan. Ká ní o dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kó o tó sọ ọ́, gbogbo wọn á ti kú sínú ẹrẹ̀, mi ò sì ní rí ìròyìn ayọ̀ kankan pè ẹ́ fún."

Brina nu ojú. Ìbéèrè kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì rẹ́ni bi. "Dókítà, ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ńkọ́? Nígbà tí Tilen pè mí láti orí afárá?"

Dókítà kò bo òótọ́ mọ́lẹ̀ fún un.

"Wọn ì bá ṣì ti adágún yín pa náà," ni ó wí. "Ìyẹn ò lè yẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ì bá má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Abo ńlá yẹn ì bá sì wà nínú ibú rẹ̀ títí dòní."

Ohun tí Brina kọ́ nìyẹn, kò sì gbàgbé rẹ̀. Adágún tó torí rẹ̀ purọ́, irọ́ náà kò gbà á là. Ohun tó ṣe kò ju pé ó bù lára ìyà náà nílé wọn, ó lọ gbé e lé àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí. Òótọ́ tó pẹ́ kó tó sọ, ó gba èyí tó kù là. Èyí tó ti lọ kò padà wá.